Aṣọ Funfun Tí Ìyá Mi Fi Rán Mi Dé Ṣáínà

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó rí odò tó ju Ògùnpa lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ Ògùnpa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọdé a máa fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n òun ni odò tèmi. Láti ilé wa ní Beyerunka, n'Ìbàdàn, ni a ti máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ fọ aṣọ níbẹ̀. Odò tí mo wá rí lẹ́yìn náà, ìhà gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ló wà, ọ̀ràn aṣọ kan tí mo gbé dé etí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Àwọn ará Ṣáínà pe àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n wá wo ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n mú èmi, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré nítòsí Bẹẹrẹ, wọ́n sì mú bàbá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan láti Mọ́lété, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó fẹ́ràn oúnjẹ àti àwàdà. Nígbà tí ìròyìn náà dé àdúgbò wa, kò sí ohun tí wọn ò sọ. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí. Ìyá kan ní kí n má jẹ ẹran tí n ò bá rí orí rẹ̀. Bàbá Ààfáà tí ilé wọn kọjú sí tiwa nìkan ló bá mi yọ̀. Wọ́n ní àwọn àgbà ẹ̀sìn àwọn ti ń wí i tipẹ́ pé kí ènìyàn wá ìmọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ Ṣáínà ló wà, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn máa rí tó gbọ́ràn.

Aláró ni ìyá mi. Láti ìka dé ìgúnpá, ọwọ́ wọn ti dúdú fún aró, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Aládùúrà ni wọ́n pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Ìsinmi wọ́n á wọ aṣọ àdúrà funfun, wọ́n á rìn láìwọ bàtà, ọwọ́ dúdú méjèèjì á sì yọ jáde lẹ́nu apá aṣọ náà. Ní ilé wa, dúdú ni iṣẹ́ òòjọ́, funfun ni ayọ̀. Funfun la fi ń kó ọmọ jáde, òun la fi ń dúpẹ́, òun la sì fi ń bo aláìsàn tí a bá ń gbàdúrà fún. Mo mọ̀ pé òun ni àwọn Mùsùlùmí fi ń sin òkú, ṣùgbọ́n mo kà á sí ọ̀ràn tiwọn.

Aṣọ méjì ni ìyá mi dì fún mi. Ọ̀kan jẹ́ àdìrẹ tí wọ́n fúnra wọn rẹ. Ìkejì jẹ́ funfun, odindi ọ̀pá márùn-ún, èyí tí wọ́n rà ní Ọjà'ba tí wọn ò sì fi kan ìkòkò aró rárá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, ó wà níwájú pẹpẹ títí àwọn àgbà ìjọ fi gbàdúrà sí i tán. Ìyá mi wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, wọ́n ń ṣẹ́ etí rẹ̀. Òwú aró ni wọ́n fi rán an, nítorí kò sí òwú tó lè pẹ́ ní funfun nílé aláró. Ibẹ̀ ni Bàbá Ààfáà ti kọjá lọ.

"Ìyá Aláró," wọ́n ní, "ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Ààfáà. Aṣọ ìyè ni."

"Ó dáa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti wọ irú ẹ̀, kì í padà wá dúpẹ́."

Ìyá mi pòṣé. Wọ́n bẹ Bàbá Ààfáà kí wọ́n má fi ẹnu wọn ba ọ̀nà ọmọ àwọn jẹ́, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó di alẹ́, ìyá mi fún mi ní ìlànà. Ọ̀gá àwọn tó pè wá ni kí n fún ní àdìrẹ. "Funfun yìí," wọ́n ní, "ẹni tó bá ṣe bí ìyá fún ọ lọ́hùn-ún ni kí o fún. Bí onítọ̀hún bá ní ìyá láyé, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Bí ara ìyá náà ò bá le, kí o fi bò ó. Yóò dìde."

Mo fún ọ̀gá wọn ní àdìrẹ ní ìlú ńlá tí a kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ṣe bí ìyá fún mi kò pẹ́ fara hàn. Ògbufọ̀ wa ni, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, tó gé irun rẹ̀ mọ́ etí, tí bàtà aṣọ rẹ̀ sì ní àlẹ̀mọ́ ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí fún wa. Nígbà tí inú ń run mí, òun ló jókòó tì mí, tó ń bu omi gbígbóná fún mi mu bí ẹni ń bu ún fún ọmọ ọwọ́. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé. Ó ní wọ́n wà, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Mo dá aṣọ náà dúró sínú àpò mi.

Lẹ́yìn ìlú ńlá náà, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí ìlú kékeré kan lápá òkè odò. Omi náà gbòòrò, ó pọ́n bí omi ìgbà òjò, kò sì pariwo. Ògbufọ̀ wa dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó di igi ibẹ̀ mú. Mo rò pé omi ló ń bà á lẹ́rù. Mo sún mọ́ ọn, mo ní ṣé kò sí o.

"Ìlú tí à ń lọ yìí ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Ìyá mi wà níbẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe wọ́n kò jọ èyí tó ń lọ."

"Ẹ ó wá lọ kí wọn nìyẹn."

"Iṣẹ́ ni mo bá wá."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ti tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wo ìyá rẹ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ní iṣẹ́ ò fàyè gbà á. Ní báyìí tó jẹ́ pé àlejò ló kó wá, bó bá tún tọrọ, wọ́n á ní ó fi ọ̀ràn ara rẹ̀ ṣáájú ti gbogbo ènìyàn, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í tán lára ẹni bọ̀rọ̀. Ọ̀la ní kùtùkùtù ni a ó kúrò níbẹ̀. Ó ní ilé àwọn wà létí àtẹ̀gùn òkúta tí a máa gbà gòkè láti inú ọkọ̀, òun á lè rí fèrèsé rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé fèrèsé náà tó òun.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún àwọn tó rò pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń fi àlàáfíà hàn. Ìlú náà dákẹ́. Àwa tí a ti Ọjà'ba wá, tí etí wa kì í sinmi, a kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ilé aláwọ̀ eérú tò létí odò, igi tẹ orí rẹ̀ ba omi, ọkọ̀ pẹlẹbẹ ń lọ láìfọhùn. Nígbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé kò sí ajá. Kò sí àkùkọ, kò sí ewúrẹ́. Àwọn ọmọ jókòó síwájú ilé wọn, wọn ò sáré. Bàbá ará Mọ́lété rọra wí fún mi ní èdè wa pé, "Ebi ti gba ibí kọjá. Kò sì tíì pẹ́ tó lọ." Ní ẹsẹ̀ odò, àwọn obìnrin ń ṣan aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ọwọ́ wọn sì dúdú dé ìgúnpá gẹ́lẹ́ bíi ti ìyá mi. Ojú mi ṣomi díẹ̀.

Ògbufọ̀ wa kò wo àwọn aláró náà. Fèrèsé kan ló ń wò. Ó kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wa, ó ń túmọ̀ ohun tí ọ̀gá kan, ẹni tí wọ́n ní kó máa mú wa kiri ìlú náà, ń sọ nípa ìgbà tí wọ́n gbẹ́ odò náà jìn sí i. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

Wọ́n mú wa dé ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kọrin, ọrùn wọn tín-ín-rín nínú aṣọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ oúnjẹ sí. Ẹja wà, pẹ́pẹ́yẹ wà, ìrẹsì funfun pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo wo tábìlì náà, mo rántí ọrùn àwọn ọmọ, mo sì rántí fèrèsé yẹn. N ò lè jókòó.

Ọ̀gá náà béèrè ohun tó dé. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ní bíírò méjì ní àpò àyà rẹ̀, ó sì máa ń bẹ̀rù kí nǹkan má lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Mo wí fún un pé, "Ní Ìbàdàn, a kì í dé ìlú ẹni tó mú wa rìn, kí a jẹun níbẹ̀, kí a má kí ìyá rẹ̀. Bí mo bá jẹ oúnjẹ yìí láìkí ìyá ògbufọ̀ wa, ìwọ̀sí ni mo fi lọ̀ yín, ìyá tèmi kò sì ní gbà mí sílé."

Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé mọ̀ ọ́n. Ohun tí n ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ògbufọ̀ wa fúnra rẹ̀ ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé omi kíkún. Ọ̀gá náà yí ojú sí bàbá ará Mọ́lété láti mọ̀ bóyá irọ́ ni mo ń pa. Bàbá náà ti mú igi ìjẹun méjèèjì lọ́wọ́, ẹja ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé igi náà sílẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, àwọn náà ò ní lè gbé òkèlè kankan mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi èdè wa wí fún mi, láìyí ojú padà, pé, "Ọmọ Aládùúrà, ààwẹ̀ lo fẹ́ kọ́ mi yìí. Tètè lọ kí wọn kó o máa bọ̀. Ẹja ń tutù."

Ọ̀gá náà ní kí a lọ, kí a má pẹ́, òun á bá wa lọ.

Yàrá kan ṣoṣo ni, ó ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ewé tí a sè. Ìyá náà dùbúlẹ̀ lórí pákó. Aṣọ tí wọ́n fi bora jẹ́ àlẹ̀mọ́ lórí àlẹ̀mọ́, a ò mọ èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣọ nínú wọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn funfun kan so rọ̀ sókè orí wọn. Ẹ̀gbọ́n ògbufọ̀ wa obìnrin dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ògbufọ̀ wa yóò sáré lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ògbufọ̀ wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sì ń túmọ̀ ìkíni mi fún ìyá tó bí i bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ojú ìyá náà kò kúrò lára rẹ̀. Èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ òun ni wọ́n ń wò.

Mo ṣí àpò mi, mo tú aṣọ funfun náà. Nínú òkùnkùn yẹn, ó tàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fà sẹ́yìn. Ọ̀gá náà wúkọ́. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló yà wọ́n lẹ́nu.

"Ìyá mi ní kí n fi bò yín," mo wí.

Ògbufọ̀ wa kò túmọ̀ rẹ̀. Mo tún un wí, mo fà á gùn, bí mo ṣe ń ṣe fún ọmọ kíláàsì mi tí kò gbọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí i mọ́," ó ní, jẹ́jẹ́. "Òun la fi ń ṣọ̀fọ̀ òkú níbí. Bí ìyá bá kú, òun ni àwọn ọmọ fi ń wé orí."

Mo rántí Bàbá Ààfáà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo na ọwọ́ láti ká aṣọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì mú etí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á wò, bí àwọn obìnrin ṣe ń fọwọ́ pa aṣọ wò ní Ọjà'ba kí wọ́n tó ná an. Ìyá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, mímí sì ń já a. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Ògbufọ̀ wa dúró títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.

"Wọ́n ní, ta ló sọ fún ìyá yín?"

Mo ní kí ni ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá mi.

"Pé kò sí aṣọ nílé wa."

Ó wá là á yé mi. Aṣọ kì í ṣe ohun tí a kàn lè rà níbẹ̀. Ìwé ìpín ni wọ́n fi ń gbà á, bí a ṣe ń tò fún iyọ̀ nílé wa nígbà ogun tí mo wà ní ọmọdé. Ìpín ilé wọn ti lọ sórí ẹ̀wù òtútù àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ikú kọ́ ló ń lé oorun kúrò lójú ìyá wọn. Ohun tó ń lé e ni pé àwọn ọmọ àwọn á tẹ̀ lé òkú àwọn ní orí òfìfo, bí ẹni ń sin àlejò. Wọ́n ti pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n kí ó ya àwọ̀n ẹ̀fọn orí ibùsùn náà fún wíwé orí lọ́jọ́ tí àwọn bá kú. "Wọ́n ní kí ó má ya á mọ́," ògbufọ̀ wa wí. "Kí àwọn ọmọ máa sùn nínú ẹ̀."

Ìyá náà tún sọ gbólóhùn kan, ó kúrú. Ògbufọ̀ wa kò túmọ̀ èyí fún mi, n kò sì béèrè. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ. Ó yí padà, ó sì jáde. A rí i láti ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó tan sìgá, ó ń wo odò. Ìgbà yẹn ni ògbufọ̀ wa tó lọ síbi ibùsùn, tó sì gbé ojú rẹ̀ lé àyà ìyá rẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ mi títí sìgá náà fi tán.

Nígbà tí a padà, oúnjẹ ti tutù. Bàbá ará Mọ́lété wo ojú mi, wọn kò ṣàwàdà. Wọ́n jẹ ìwọ̀nba. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ gbé wa kúrò, ògbufọ̀ wa sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wa. Wọn ò fún un ní àyè láti dúró.

A ṣì wo ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní àwọn ìlú mìíràn kí ó tó di ọjọ́ tí a ń padà sílé. Ògbufọ̀ wa bá wa dé ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí mi, mo rí i pé ó ti rán ìrépé aṣọ funfun mọ́ iwájú bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó bo àlẹ̀mọ́ mọ́lẹ̀. Ní etí ọ̀kan nínú wọn, mo rí òwú aró ìyá mi. Ó ní wọ́n tún máa ń rán an mọ́ bàtà bí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ló sì bá ẹ̀gbọ́n òun gbé e wá. Wọ́n ti sin ìyá wọn kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo wá ọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, n kò rí èyí tó tó. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì ibùdókọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, mo wí ní èdè tèmi pé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde. N kò rí i mọ́, n kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìdí ìkòkò aró ni mo bá ìyá mi nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Mo ń retí kí wọ́n ní àdúrà ò gbà, tàbí kí wọ́n bínú sí mi. Wọ́n fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn títí omi rẹ̀ fi gbẹ.

"Ṣé ó kárí àwọn ọmọ?"

Mo ní n kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà, èyí tó kan ògbufọ̀ wa náà kéré.

"Ọ̀pá mẹ́wàá ló yẹ kí n rà," wọ́n ní. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò padà. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí wọ́n tún pe aṣọ funfun ní aṣọ ìyè. Wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ bo aláìsàn, wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ ọ lára wa. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀bùn wọlé onílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Àṣìṣe tèmi bọ́ sí ibi tí àìní wà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì bá ẹnìkan ṣiṣẹ́, tí ọ̀nà yín gba abẹ́ fèrèsé ìyá rẹ̀ kọjá, ẹ má jẹ́ kí ó wò ó lásán kó máa lọ. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ ní ẹ ó kọ́kọ́ kí wọn.